Kọ́lájìn wa ń yọ́ kó tó dé ojú egbò: níbo la ti ṣì í?

Òṣìṣẹ́ lábù kan ní ilé ẹ̀kọ́ gíga kan ní gúúsù ìwọ̀ oòrùn Nàìjíríà ló kọ̀wé pé: “Ẹ kú iṣẹ́ o. A fẹ́ fi awọ màlúù ṣe dírẹ́sìn kọ́lájìn fún egbò. A ra awọ lódò-ẹran, a gé e wẹ́wẹ́, a rẹ ẹ́ sínú ásíìdì acetic, a sì gbé e sínú omi gbígbóná 60°C kó lè tètè yọ́. A sẹ́ ẹ, a dà á sínú abọ́, a fi sínú fírísà −20°C mọ́jú kí a tó gbé e sínú freeze-dryer, ẹ̀rọ tó ń gbẹ nǹkan tó ti dì láì jẹ́ kó yọ́. Àwọn kan jáde ní funfun, wọ́n fúyẹ́ bíi fóòmù. Àwọn mìíràn súnkì, ìsàlẹ̀ wọn le, ó sì ń dán. A wá fi gbogbo wọn sínú ófùnù lábù ní 105°C fún ọjọ́ kan, nítorí a kà á pé ìyẹn ló ń mú un lágbára. Síbẹ̀, bí a bá ti rì í bọ omi iyọ̀, kì í pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó fi ń yọ́. Níbo la ti ṣì í? Nọ́ọ̀sì kan tó ń tọ́jú egbò ẹsẹ̀ àwọn tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde ti ní kí a fún òun lára rẹ̀. Ṣé kí a kàn fi autoclave (ìkòkò tó ń fi oru omi pa kòkòrò) sè é kí a tó fún un?”

Ìbéèrè mẹ́ta ló wà nínú lẹ́tà yìí, wọ́n sì lọ́ mọ́ra wọn: ìdí tí apá kan fi súnkì nínú ẹ̀rọ, ìdí tí gbogbo rẹ̀ fi ń yọ́ nínú omi, àti bóyá ó yẹ kó kan ara èèyàn. Èyí tó kẹ́yìn ni mo máa kọ́kọ́ dáhùn, torí pé aláìsàn wà nídìí rẹ̀. Rárá, ẹ má tíì fún nọ́ọ̀sì náà, ẹ má sì fi autoclave sè é. Mo máa ṣàlàyé ìdí rẹ̀ tó bá yá. Ní ti méjì yòókù, ó hàn nínú lẹ́tà yín pé freeze-dryer lẹ ń fura sí. Ẹ̀rọ náà ní ẹ̀bi tirẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kọ́lájìn yín ti bàjẹ́ kó tó dé iwájú rẹ̀. Inú omi 60°C yẹn ló ti bàjẹ́.

Purotéènì ni kọ́lájìn, fọ́nrán mẹ́ta ló lọ́ mọ́ra wọn bí okùn. Okùn kọ̀ọ̀kan gùn tó nǹkan bí 300 nanometre, kò sì nípọn ju nanometre kan àbọ̀ lọ. Ohun tó so fọ́nrán mẹ́ta náà pọ̀ kò lágbára púpọ̀, ooru lásán ń tú u. Bí kọ́lájìn màlúù bá wà nínú ásíìdì, nǹkan bí 37 sí 40°C ló ti ń tú. Ti ẹja epìyà, tó ń gbé inú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí ti màlúù. Ti ẹja cod inú òkun tútù kò ju nǹkan bí 15°C lọ. Bí okùn náà bá ti tú, orúkọ rẹ̀ yí padà, ó ti di jẹ́látìn nìyẹn. Ẹni tó bá ti se ẹsẹ̀ màlúù rí mọ jẹ́látìn dáadáa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò mọ orúkọ rẹ̀: ọbẹ̀ tó kù sínú ìkòkò mọ́jú á dì gbagidi, bí a bá tún gbé e kaná, á yọ́ padà di omi. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí kànìnkànìn yín gan-an nìyẹn. Ọbẹ̀ ẹsẹ̀ màlúù lẹ gbẹ. Ó funfun, ó fúyẹ́, ó ní ihò, ojú kò sì lè dá a mọ̀ yàtọ̀ sí kọ́lájìn gidi. Omi ló máa ń tú àṣírí rẹ̀.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ orúkọ lásán. Lílọ́ tí fọ́nrán mẹ́ta yẹn lọ́ mọ́ra ni sẹ́ẹ̀lì tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì fi ń dá kọ́lájìn mọ̀, òun ló ń mú kí wọ́n dúró síbẹ̀, kí ẹ̀jẹ̀ sì dá. Nínú egbò tó ti pẹ́ tí kò jiná, ẹ́ńsáìmù tó ń gé purotéènì máa ń pọ̀ jù, ó ń jẹ ẹran tuntun bó ṣe ń hù. Ọ̀kan nínú iṣẹ́ tí a retí pé kí dírẹ́sìn kọ́lájìn ṣe ni pé kó gba ẹnu ẹ́ńsáìmù wọ̀nyí lórí ara rẹ̀, kí ẹran tuntun lè ráyè. Jẹ́látìn kò lè ṣe irú ìyẹn pẹ́, ní wákàtí díẹ̀ wọ́n á ti jẹ ẹ́ tán. Jẹ́látìn ní ipò tirẹ̀ o. Kànìnkànìn jẹ́látìn tí wọ́n ti so fọ́nrán rẹ̀ mọ́ra dáadáa wà ní yàrá iṣẹ́ abẹ láti fi dá ẹ̀jẹ̀ dúró. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òun lẹ ní ẹ fẹ́ ṣe.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí odò-ẹran. Awọ tí wọ́n ń tà fún pọ̀nmọ́ ti kọjá nínú iná: wọ́n ti sun irun rẹ̀, nígbà mìíràn táyà ni wọ́n fi dá iná yẹn, wọ́n á sì tún fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́ kí wọ́n tó há a. Awọ bẹ́ẹ̀ kò wúlò fún iṣẹ́ yìí rárá, òkè rẹ̀ ti di jẹ́látìn, ẹ̀gbin táyà sì ti wọ̀ ọ́ lára. Ẹ bá alápatà sọ̀rọ̀ kó tó pa ẹran, kó bó awọ tútù fún yín láì fi iná kàn án. Èyí tó tún dára ju awọ lọ ni iṣan ńlá ẹ̀yìn ẹsẹ̀ màlúù, èyí tó le bí okùn lókè gìgísẹ̀. Kọ́lájìn irú kìíní (Type I), irú tí ẹ ń wá, ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, kò nírun, ọ̀rá rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Ẹ gbé e sórí yìnyín lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì kọ ọjọ́ tí wọ́n pa ẹran náà sílẹ̀, ibi tó ti wá, àti pé dókítà ẹran yẹ̀ ẹ́ wò. Àkọsílẹ̀ yìí lè dà bí àṣejù lónìí, ṣùgbọ́n ìlànà àgbáyé ISO 22442, tó dá lórí ohun ìtọ́jú tí a fi ara ẹran ṣe, ń béèrè rẹ̀, torí àrùn tó lè ti ara màlúù wọ ara èèyàn. Ẹ kò lè padà lọ wá a lẹ́yìn ọdún méjì.

Láti ibi tí ẹ bá ti gé e títí dé ibi tí ẹ ó ti dà á sínú abọ́, inú 4°C ni gbogbo iṣẹ́ náà ti gbọ́dọ̀ wáyé. Ẹ gé e kéékèèké, mílímítà 2 sí 3. Ẹ rẹ ẹ́ sínú sodium hydroxide 0.1 M, ìyẹn gíráàmù 4 nínú lítà omi kan; kí omi náà tó ìlọ́po mẹ́wàá ìwọ̀n ẹran, fún wákàtí 24, kí ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀ ní wákàtí mẹ́jọ-mẹ́jọ. Èyí ló ń kó purotéènì mìíràn jáde. Ẹ fi omi tútù ṣàn án títí pH rẹ̀ (òṣùwọ̀n bí nǹkan ṣe jẹ́ ásíìdì tó) yóò fi dọ́gba pẹ̀lú ti omi, kí ẹ tó fi ọtí butanol 10% fa ọ̀rá rẹ̀ fún ọjọ́ kan, kí ẹ sì tún ṣàn án. Ọ̀rá tó bá ṣẹ́kù á jẹ́ kí kànìnkànìn yín máa kọ omi níbì kan, á sì máa rùn bó bá pẹ́. Ásíìdì acetic 0.5 M ló kàn, nǹkan bíi mílílítà 29 ásíìdì tí a kò là nínú lítà kan, pẹ̀lú pepsin, ẹ́ńsáìmù kan tó ń gé purotéènì, gíráàmù 1 sí lítà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ máa rò ó jẹ́jẹ́ fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta. Pepsin ń gé ìdí àti ṣóńṣó okùn náà, níbi tí kò ti lọ́. Ibẹ̀ ni okùn kan ti so mọ́ èkejì, ibẹ̀ náà sì wà lára ohun tí ara aláìsàn lè kà sí àjèjì. Nínú òtútù, pepsin kì í lè gé ibi tó lọ́. Bí ó bá gbóná, okùn á dẹ̀, pepsin á sì gé e jálẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta nínú fíríìjì kò ṣeé fi wákàtí mẹ́ta lórí iná rọ́pò.

Bó bá ti yọ́, tó ń fà bí omi ilá, ẹ sẹ́ ẹ, kí ẹ rọra gbé pH rẹ̀ dé 8 nínú òtútù kó sùn bẹ́ẹ̀ mọ́jú. Pepsin á kú síbẹ̀, kò sì ní jí mọ́. Ẹ dá a padà sínú ásíìdì, kí ẹ wá máa bu iyọ̀ sí i díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi tó gíráàmù 53 nínú lítà kan. Ẹ ó rí kọ́lájìn tí yóò máa jáde bí òwú funfun. Ẹ kó o, ẹ tún un yọ́ sínú ásíìdì, ẹ fi sínú àpò dialysis, èyí tó ń jẹ́ kí iyọ̀ jáde tí kì í jẹ́ kí kọ́lájìn jáde, kí ó wà nínú ásíìdì acetic 0.1 M fún ọjọ́ kan àti nínú omi tó mọ́ fún ọjọ́ méjì, kí ẹ máa pààrọ̀ omi náà. Àwọn tí iṣẹ́ ń kán lójú máa ń fo ibi àpò yìí. Ẹ má fò ó. Iyọ̀ tó bá kù kì í jẹ́ kí omi dì dáadáa, wàhálà ẹ̀rọ tí mo fẹ́ sọ yìí á sì di ìlọ́po méjì.

Èyí tí ẹ máa dà sínú abọ́, ẹ fi gíráàmù 10 kọ́lájìn gbígbẹ sínú lítà kan ásíìdì acetic 0.05 M, tó jẹ́ nǹkan bíi mílílítà 3 nínú lítà kan. 1% nìyẹn. Bí ó bá jẹ́ ìdajì rẹ̀, kànìnkànìn náà lè máa rún lọ́wọ́. Bí ó bá jẹ́ 2%, á ki débi pé á ṣòro kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ rọ́nà jáde. Ẹ fi blender lọ̀ ọ́ nínú yìnyín, ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá-mẹ́wàá, kí ó máa sinmi, kí ìwọ̀n ooru rẹ̀ má kọjá 15°C. Blender tí wọ́n fi sílẹ̀ kó máa lọ̀ láì sinmi lè ba kọ́lájìn jẹ́ bí omi 60°C ṣe bà á jẹ́. Ẹ jẹ́ kó sùn mọ́jú nínú fíríìjì, kí ẹ sì fi pọ́ǹpù fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde títí ìfófòó yóò fi là tán lójú rẹ̀. Bí ẹ bá dà á ní mílímítà 5, ìwọ̀n sẹ̀ńtímítà kan níbùú-lóròó á ní mílígíráàmù 5 kọ́lájìn nínú, ó sì tó fún dírẹ́sìn.

Ibi tó dùn jù nínú iṣẹ́ yìí ni dídì. Ìgbà tí omi bá dì nínú abọ́, yìnyín á máa ti kọ́lájìn sẹ́gbẹ̀ẹ́ bó ṣe ń hù, kọ́lájìn á sì di ògiri tó yí yìnyín ká. Nígbà tí yìnyín bá lọ, ààyè rẹ̀ ni ihò. Nítorí náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá darí yìnyín lẹ darí ihò: bó bá dì kíákíá, ihò á kéré, bó bá falẹ̀, ihò á tóbi. Àwọn tó ṣiṣẹ́ lórí kọ́lájìn tí wọ́n pò mọ́ chondroitin sulfate, èròjà ara ẹran mìíràn, mú ìwọ̀n ooru wálẹ̀ ní 0.9°C ní ìṣẹ́jú kan, wọ́n sì rí i pé bó bá parí sí −10°C, ihò á jẹ́ nǹkan bíi máíkírónì 150 (máíkírónì kan jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mílímítà). Bó bá parí sí −40°C, á jẹ́ nǹkan bí 96. Fún títún awọ hù, Ioannis Yannas àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Massachusetts Institute of Technology rí i pé máíkírónì 20 sí 120 ló ń ṣiṣẹ́ jù. Bí ihò bá kéré ju ìyẹn lọ, sẹ́ẹ̀lì kò ní rí ọ̀nà wọlé. Bó bá sì tóbi jù, sẹ́ẹ̀lì kò ní rí ògiri tó pọ̀ tó láti dì mú. Lára iṣẹ́ òun àti oníṣẹ́ abẹ John Burke ni awọ àtọwọ́dá fún ìjóná ti jáde, èyí tí ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 1996.

Fírísà lásán kò lè ṣe irú ìdarí bẹ́ẹ̀. Òtútù ń wọ abọ́ láti ẹ̀gbẹ́ àti láti òkè bó ṣe wù ú, ihò etí á yàtọ̀ sí ti àárín. Ohun tó tún burú jù ni pé omi pẹ̀lú ásíìdì acetic kì í dì tán pátápátá títí yóò fi dé nǹkan bí −27°C. Ní −20°C, ohun tó dà bíi yìnyín lójú yín ṣì ní ásíìdì tó ki tó sì tutù láàárín rẹ̀, kò tíì dì. Ìgbà tí pọ́ǹpù bẹ̀rẹ̀ sí fa afẹ́fẹ́, ibi tí kò dì yẹn wó lulẹ̀. Ìsàlẹ̀ tó le tó sì ń dán nìyẹn. Bí ẹ kò bá ní ẹ̀rọ tí pẹpẹ rẹ̀ ṣeé darí, ẹ wá páànù alumíníọ́mù tó nípọn, ẹ gbé e sínú fírísà −80°C títí yóò fi tutù wọ inú, ẹ fi fóòmù yí ẹ̀gbẹ́ abọ́ ká, kí ẹ gbé abọ́ alumíníọ́mù lé páànù náà. Òtútù á gba ìsàlẹ̀ nìkan wọlé, ihò á sì bára mu. Ẹ fi sílẹ̀ fún wákàtí méjì lẹ́yìn tó bá ti dì. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan máa ń wà lójú òkè kànìnkànìn bó bá gbẹ tán. Ẹ yí i padà nígbà tí ẹ bá ń lò ó: ojú tí ihò rẹ̀ là ló yẹ kó kọjú sí egbò.

Nínú freeze-dryer, yìnyín ń di afẹ́fẹ́ láì kọ́kọ́ di omi. Èyí kò lè ṣẹlẹ̀ àfi tí agbára afẹ́fẹ́ inú ẹ̀rọ bá wà nísàlẹ̀ 611 Pa (pascal, òṣùwọ̀n agbára afẹ́fẹ́), ṣùgbọ́n 611 kò tó fún yín. Agbára afẹ́fẹ́ ló ń pinnu bí yìnyín ṣe tutù tó: ní 103 Pa, yìnyín tó ń gbẹ á dúró sí nǹkan bí −20°C, ní 38 Pa, á dúró sí −30°C. Torí −27 tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, ẹ mú un wá sí nǹkan bí 25 sí 30 Pa, kí ibi tí yìnyín ń dì sí nínú ẹ̀rọ wà ní −50°C tàbí kó tún tutù ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ jẹ́ kí pẹpẹ ti tutù kí abọ́ tó dé orí rẹ̀. Gbígbé abọ́ kọjá nínú lábù tó gbóná tó 32°C fún ìṣẹ́jú méjì péré ti tó láti yọ́ ìdí rẹ̀. Láti mọ̀ bóyá ó ti gbẹ, ẹ ti fáàfù pọ́ǹpù fún ìṣẹ́jú kan kí ẹ wo géèjì. Bí nọ́ńbà bá fò sókè kíákíá, yìnyín ṣì wà. Bí kò bá fi bẹ́ẹ̀ gbéra, ẹ gbé ooru pẹpẹ dé 20 sí 25°C fún wákàtí mẹ́fà sí mẹ́wàá láti lé omi tó lẹ̀ mọ́ ara kọ́lájìn. Ọ̀rọ̀ iná wá ńkọ́? Ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́ fún wákàtí 24 tí wọ́n mú iná lọ ní wákàtí karùn-ún ti ba gbogbo abọ́ inú rẹ̀ jẹ́, ẹ má tún un gbé dì kí ẹ pè é ní ọ̀kan náà. Bí kò bá sí ínfátà tó lè gbé pọ́ǹpù àti kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ pọ̀, ẹ má bẹ̀rẹ̀.

Ófùnù 105°C tí ẹ kà nípa rẹ̀ kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n ẹ fi ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀: inú fákúùmù ni, níbi tí pọ́ǹpù ti fa afẹ́fẹ́ jáde. Kọ́lájìn tó gbẹ fúrúfúrú lè fara da 105°C fún wákàtí 24, torí pé kò sí omi tí yóò tú okùn rẹ̀. Omi díẹ̀ tó ṣẹ́kù nínú rẹ̀ á jáde, ìjáde yìí ló sì ń mú kí okùn kan so mọ́ èkejì. Àmọ́ kànìnkànìn tó ti dúró lórí tábìlì nínú afẹ́fẹ́ ọ̀rinrin wa fún wákàtí kan ti fa omi padà. Bí ẹ bá gbé e sínú ófùnù lásán, ẹ ń sè é nìyẹn. Ẹ fi fákúùmù fa omi rẹ̀ jáde ní ìgbóná kékeré, kí ẹ tó rọra gbé ooru sókè. Ìsomọ́ra tó ń ti ibẹ̀ wá kò lágbára púpọ̀, ó tó fún dírẹ́sìn tí wọ́n máa ń pààrọ̀ lọ́jọ́ méjì sí mẹ́ta, èyí tí mo rò pé ó yẹ yín jù. Bí ẹ bá fẹ́ kó pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, EDC àti NHS ló kàn, kẹ́míkà méjì tí wọ́n jọ ń so okùn mọ́ra: EDC gíráàmù 1.15 àti NHS gíráàmù 0.276 fún gíráàmù kọ́lájìn kan, nínú ọtí ethanol 75% kí ihò má baà wó, fún wákàtí méjì, kí ẹ fọ̀ ọ́ léraléra, kí ẹ sì tún un gbẹ nínú freeze-dryer. Ó lágbára dáadáa, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà di méjì, owó rẹ̀ sì wọ́n. Glutaraldehyde, kẹ́míkà mìíràn tó ń so okùn mọ́ra, pọ́ọ́kú, ó sì lágbára, mi ò sì ní gbà yín nímọ̀ràn rẹ̀, torí pé èyí tó bá ṣẹ́kù nínú rẹ̀ ń pa sẹ́ẹ̀lì tí ẹ fẹ́ kó hù.

Kí ẹ tó tún náwó sí abọ́ kejì, ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tó wà lọ́wọ́ yín. Lórí FTIR, ẹ̀rọ tó ń fi ìtànṣán infrared yẹ nǹkan wò, ẹ wo bí òkè tó wà ní 1235 cm⁻¹ ṣe ga sí èyí tó wà ní 1450 cm⁻¹. Bí wọ́n bá fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, okùn kò tíì tú. Bí 1235 bá sún mọ́ ìdajì 1450, jẹ́látìn ni. Lórí SDS-PAGE, àyẹ̀wò tó ń to purotéènì sí ìlà bí wọ́n ṣe tóbi tó, kọ́lájìn gidi á ní ìlà méjì tó mọ́ kedere fún alpha (fọ́nrán kọ̀ọ̀kan), àkọ́kọ́ á nípọn tó ìlọ́po méjì èkejì, pẹ̀lú ìlà beta (fọ́nrán méjì tó so pọ̀) lókè wọn. Jẹ́látìn tí ooru ti gé á kàn tàn kálẹ̀ bí àbàwọ́n. Ẹ gé sẹ̀ńtímítà kan sínú omi iyọ̀ 37°C, kí ẹ wò ó ní wákàtí 1, 24 àti 72. Ẹ tún wọn pH omi tí ẹ bá fún jáde lára rẹ̀. Bí ásíìdì bá ṣì wà níbẹ̀, kànìnkànìn tí okùn rẹ̀ kò tú pàápàá á wú, á sì rọ̀ bí ẹ̀kọ, bẹ́ẹ̀ ló sì máa ta aláìsàn lójú egbò.

Ní ti autoclave, oru omi tó gbóná tó 121°C ni. Ó burú ju omi 60°C lọ, kò sí kọ́lájìn tó lè jáde níbẹ̀ láàyè. Fífi ethanol 70% rẹ ẹ́ kì í pa ẹyin bakitéríà, nítorí náà kì í ṣe ìpakòkòrò tó péye. Ọ̀nà méjì ni mo lè dárúkọ fún yín. Gáàsì ethylene oxide kì í ba okùn jẹ́ púpọ̀, ṣùgbọ́n májèlé ni, ó sì gbọ́dọ̀ fẹ́ jáde tán fún ọjọ́ púpọ̀ kí a sì fi àyẹ̀wò hàn pé ó ti jáde. Ìtànṣán gamma kò fi nǹkan kan sílẹ̀, ìjọba sì ní ilé ìtànṣán gamma ní Sheda lẹ́bàá Àbújá. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n ìtànṣán 25 kGy tí wọ́n sábà ń lò máa ń gé fọ́nrán kọ́lájìn, nítorí náà lẹ́yìn ìtànṣán ni kí ẹ ṣe àyẹ̀wò agbára rẹ̀, kì í ṣe ṣáájú. Ohun kan tún wà tí ìtànṣán kò lè ràn yín lọ́wọ́ rẹ̀: bakitéríà tó kú ṣì fi èèpo ara rẹ̀ sílẹ̀, èèpo yẹn ń fa ibà àti wíwú. Òṣùwọ̀n tí Amẹ́ríkà ń lò kò gbà ju 20 EU (òṣùwọ̀n èèpo yẹn) lọ lórí dírẹ́sìn kan. Láti ọjọ́ tí awọ ti kúrò lódò-ẹran ni ìmọ́tótó yẹn ti bẹ̀rẹ̀.

Ó ṣeé ṣe kí ẹ ti rí fídíò awọ ẹja epìyà tí wọ́n fi bo ìjóná ní Fortaleza ní Brazil, kí ẹ sì rò pé ó rọrùn jù. Awọ odindi ni wọ́n lò níbẹ̀, wọ́n sì ti fi oògùn apakòkòrò chlorhexidine, glycerol àti ìtànṣán tọ́jú rẹ̀ kó tó kan aláìsàn. Kì í ṣe ẹja ọjà. Ní Iceland náà, awọ ẹja cod ni wọ́n ń fa sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ jáde tí wọ́n sì ń gbẹ nínú yìnyín, wọn kì í yọ́ ọ rárá. Mo rò pé ẹja yẹ kí ẹ gbé yẹ̀ wò, torí pé kò mú àrùn màlúù wá, Mùsùlùmí àti àwọn Kristẹni kan kò sì ní bínú sí i bí wọ́n ṣe lè bínú sí ẹlẹ́dẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó fi lé ẹnikẹ́ni lára, ó yẹ kí onítọ̀hún mọ ẹran tó ti wá, pàápàá ẹni tí ẹja kì í bá lára mu.

Kí ẹ tó tún sọ pé dírẹ́sìn yìí á wo egbò, ẹ ro ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Ìlànà àgbáyé fún ẹsẹ̀ onítọ̀ ṣúgà, IWGDF 2023, kò dámọ̀ràn dírẹ́sìn kọ́lájìn gẹ́gẹ́ bí ohun tí yóò mú egbò jiná, torí pé ẹ̀rí rẹ̀ kò tíì lágbára. Kò sí ohun tí kànìnkànìn lè ṣe fún ẹsẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ kò dé, fún egbò tí ẹran òkú bò, tàbí èyí tó ń ṣọyún. Èyí tó ní omi díẹ̀, tó mọ́, tí kò kàn jiná ni ó yẹ. Bí tiyín bá wá péye tán, ìgbìmọ̀ ìwà ẹ̀tọ́ ilé ìwòsàn àti NAFDAC ló kàn, pẹ̀lú àyẹ̀wò ISO 10993 lórí bí ara ṣe gbà á. Ọdún díẹ̀ ni iṣẹ́ yẹn, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ní ti àwọn aláìsàn nọ́ọ̀sì yẹn, egbò fòníkú-fọ̀ladìde sábà máa ń wà lẹ́bàá ọrùn ẹsẹ̀, níbi tí ẹ̀jẹ̀ kì í ti fi bẹ́ẹ̀ yí po, ó sì máa ń padà wá lẹ́yìn tó bá jiná. Ohun tí wọ́n lè rí gbà lónìí ni omi iyọ̀ tó mọ́ láti fi fọ̀ ọ́, dírẹ́sìn tí kì í lẹ̀ mọ́ egbò, bándéèjì tí wọ́n dì le díẹ̀ láti ìka ẹsẹ̀ dé orúnkún lẹ́yìn tí dókítà bá ti rí i pé ẹ̀jẹ̀ ń dé ẹsẹ̀ náà, gbígbé ẹsẹ̀ sókè nígbà ìsinmi, àti oògùn ìrora tó tó, torí pé egbò yẹn ń dun ni ju bó ṣe tóbi lọ.